Há lọ́fun kọ́ ni pá lórí

Ẹ̀yin àgbà mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Bàbá wa kan dábàá lánàá pé kí á máa pe yíyọ ohun tó há sí ibi tí èémí ń gbà ní "iṣẹ́ abẹ ìyọ ohun àjèjì ọ̀nà ọ̀fun". Mo tọrọ àyè kí n takò ó.

"Ọ̀fun" ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Bí eegun ẹja bá há èèyàn lọ́fun, á ṣì máa mí, á ṣì máa sọ̀rọ̀; ọ̀nà oúnjẹ ló há sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀pà bá ṣì ọ̀nà, tó bọ́ sí ọ̀nà èémí, tí ọmọ wá ń wúkọ́, tí omi ń dà lójú rẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ máa sọ lọ́jà Ọba ni pé "ó pá a lórí". Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí dókítà tó dé. Kí ló wá dé tí àwa tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fi ń pa wọ́n pọ̀? Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Oǹdó ní 2015 nílò ìyàtọ̀ yẹn, torí òun ni wọ́n máa fi bi ìyá ọmọ léèrè. "Ọ̀nà èémí" ni kó jẹ́.

"Àjèjì" náà kò bá mi lára mu. Ẹ̀pà tí ọmọ bù nínú àwo ìyá rẹ̀, àjèjì báwo? "Ohun tó há" ti tó.

"Iṣẹ́ abẹ" ló wúwo jù. Ní 1897, ní Freiburg ní Jámánì, ọ̀pá oníhò ni dókítà Gustav Killian tì gba ẹnu àgbẹ̀ kan tó fi fa eegun ẹlẹ́dẹ̀ jáde ní ẹ̀ka ọ̀nà èémí apá ọ̀tún. (Apá ọ̀tún fẹ̀ ju òsì lọ, ó sì dúró ṣánṣán jù ú lọ, ibẹ̀ ni nǹkan sábà ń já sí.) Títí dòní, ẹnu náà ni wọ́n ṣì sábà ń gbà, láìla ẹnikẹ́ni. Bí ìyá bá gbọ́ "abẹ", á rò pé wọ́n fẹ́ la ọmọ òun láyà, á gbé e sá lọ sílé lọ rọ epo sí i lẹ́nu. Ẹ̀mí ọmọ lè bá a lọ.

Àbá tèmi ni "ìfawòyọ": fi awò (irú ọ̀pá oníhò yẹn tí wọ́n fi ń wo inú) yọ, bí a ṣe hun "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò". Ká fi "iṣẹ́ abẹ" sílẹ̀ fún ìgbà tí awò bá kọ̀, tó di pé wọ́n la àyà lóòótọ́.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́nu yín fún "pá lórí"?