Tábìlì irin fún díríìlì àti fáìsì

Ará Ṣágámù: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣé tábìlì tí a fi angle iron (irin onígun bíi L) ínṣì 2 ṣe lè gbé díríìlì àti fáìsì (irin tó ń di nǹkan mú ṣinṣin) láìmì?

Ará Ìjẹ̀bú-Òde: Ó lè gbé e, bó bá nípọn tó mìlímítà 5. Kí orí fáìsì bá ìgbọ̀nwọ́ yín dọ́gba. Ẹ jó irin ìdábùú mọ́ ẹ̀yìn láti igun dé igun; bí kò bá sí i, tábìlì á máa mì. Orí ẹsẹ̀ kan ni kí ẹ de fáìsì mọ́, kì í ṣe àárín.

Ará Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ má tíì jó o tán o! Ẹ kọ́kọ́ jó o mọ́ra ní ojú kéékèèké, kí ẹ wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ lù ú padà. Iná máa ń fa irin wọ́.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde: Òótọ́ ni. Ẹ tún jó nọ́ọ̀tì bóòtù mìlímítà 16 sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè máa yí bóòtù inú rẹ̀ láti mú tábìlì dọ́gba. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kì í sábà tẹ́jú.