Ṣé aṣọ ni ọ̀nì inú eré Peter Pan wọ̀ ni, àbí awọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ẹ sọ látàárọ̀ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká máa pe kọ́sítúùmù, ìyẹn ohun tí òṣèré ń wọ̀ kó lè di ẹni inú eré, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ọ̀fà ní ká máa pè é ní aṣọ ìdíbọ́n, àǹtí kan ní aṣọ ìtàgé ló dáa, ẹnìkan tún ní ẹ̀kú, aṣọ eégún, ti wà ńlẹ̀ tipẹ́, kí la tún ń wá kiri. Sùkúù kan n'Ílọrin níbí ló fa gbogbo ẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣe Peter Pan, eré òyìnbó nípa ọmọkùnrin tó ń fò tí kò fẹ́ dàgbà, fún òpin ọdún, wọ́n wá kọ lẹ́tà Yorùbá sílé pé kí àwọn òbí wá "aṣọ eré" fọ́mọ, ó ku díẹ̀ kí ìyá kan lọ ra kánfáàsì àti ṣòkòtò péńpé, torí aṣọ eré tóun mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń sáré.

Nítorí náà aṣọ eré ti kúrò ńbẹ̀. Aṣọ ìtàgé náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, létí tèmi ó dún bíi kọ́tìnì tí wọ́n ń fà bo ìtàgé. Ìdíbọ́n wá ni mo bá jà jù, ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, ẹni tó ń díbọ́n ò fẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ pé òun ń díbọ́n. Obìnrin ni Nina Boucicault tó kọ́kọ́ ṣe Peter ní London lóṣù Kejìlá ọdún 1904, obìnrin náà ni Maude Adams tó ṣe é ní New York ní 1905, gbogbo èrò ìwòran ló sì mọ̀, owó ni wọ́n san wọlé. Ta ló wá tàn jẹ? Ó wọ aṣọ Peter ni, ó parí.

(Ẹni tó ní ká máa pe irú eré báyìí ní "ìsọ̀wéderé", ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu o, ṣùgbọ́n kò bá eléyìí mu. Eré ló kọ́kọ́ jẹ́, ìwé ìtàn ẹ̀ ò jáde títí di 1911. Wọ́n sọ eré dìwé ni.)

Ọ̀rọ̀ kọ́là tún wà. Ẹ lọ bá télọ̀ kan ní Ọjà Ọba, ẹ ní kó rán kọ́là pítà-páànì sí yunifọ́ọ̀mù ọmọ yín, kò ní bi yín ní ìbéèrè kankan. Á ká páálí sí méjì, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yíká ọrùn, á gé e, á fi áyọ́ọ̀nù lẹ stéè mọ́ aṣọ kó lè le díẹ̀, tó bá rán an tán kọ́là á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí èjìká, etí ẹ̀ méjèèjì á rí róbótó níwájú. Ara aṣọ tí Maude Adams wọ̀ yẹn ni wọ́n ti rí i tó fi gba orúkọ Peter, torí nínú ìwé, ewé gbígbẹ tó ku iṣan nìkan ni Peter fi bora, ewé ò sì ní kọ́là. Ẹnìkan wá ní ká sọ ọ́ di "ọrùn róbótó". Háà! Ọrùn róbótó làwọn télọ̀ ń pe aṣọ tí ò ní kọ́là rárá, ẹ̀ẹ́ kàn bá wọn ba yáàdì jẹ́ ni. Ẹ fi pítà-páànì sílẹ̀ fún wọn jàre.

Ibi tó le ni ọ̀nì. Ọ̀nì tó jẹ ọwọ́ tí Peter gé lára Captain Hook, ọ̀gá àwọn olè ojú omi, tó tún gbé aago mì tí aago ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ níkùn ẹ̀. Àti Nana, ajá tó ń tọ́jú àwọn ọmọ nílé. Èèyàn tó ń ṣe ìwọ̀nyí kì í wọ̀ wọ́n bí ẹni wọ bùbá, inú wọn ló ń wọ̀, ẹ ò ní rí ojú ẹ̀. Ìdí nìyí tẹ́ni tó mú ẹ̀kú wá fi rí ọ̀rọ̀ sọ, torí ẹnikẹ́ni kì í "wọ" eégún, gbígbé là ń gbé e. Àwọn eégún apidán sì ti ń ṣe irú ẹ̀ kí Peter Pan tó dáyé. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un lóṣù Kejì, ejò òjòlá ńlá jáde láti inú àpò, ẹ̀yìn náà ni òyìnbó kan tún jáde tó funfun báláú, tó ń fín áṣáà, tó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń mú, tó ń rìn bí ẹni tí ò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Òyìnbó gidi jókòó níwájú, ó ń wo ara ẹ̀.

Èmi ọmọ Òmù-Àrán, eégún ò ṣàjèjì sí mi, tó bá jẹ́ ilé wa ni mo lè gba ẹ̀kú. Ṣùgbọ́n Ìlọrin la wà yìí. Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó yìí wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Ẹ wá kọ ọ́ sí lẹ́tà sùkúù pé ọmọ Alfa máa gbé ẹ̀kú lọ́jọ́ Jímọ̀, kẹ́ẹ wá wo bí tíṣà ṣe máa ṣàlàyé.

Ohun tí mo mú wá ni awọ. Gbogbo wa la gbọ́ àlọ́ àgbọ̀nrín tó ń bọ́ awọ ẹ̀ pamọ́ sínú igbó lọ́jọ́ ọjà, tó ń di obìnrin arẹwà, tí ọdẹ wá jí awọ yẹn gbé tó sì fi í ṣaya. Ọ̀rọ̀ ti pé síbẹ̀: bọ́ awọ, gbé awọ wọ̀, jí awọ gbé. Kò sí orò kankan nínú ẹ̀. Awọ ọ̀nì, awọ ajá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní pọ̀nmọ́ lòun rántí, kó máa rántí ẹ̀ lọ, ẹni tó gbọ́ "awọ ọ̀nì" ò ní gbé ata kaná.

Tèmi ni pé kọ́sítúùmù kì í ṣe nǹkan kan lọ́wọ́ wa, méjì ni. Èyí tójú ẹni tó wọ̀ ọ́ hàn, aṣọ ni, kẹ́ẹ fi orúkọ ẹni inú eré kún un: aṣọ Peter, aṣọ Hook. Èyí téèyàn kó sínú ẹ̀, awọ ni. Tinker Bell, iwin kékeré inú eré náà, ò ní ìkankan, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi dígí darí ni wọ́n fi ṣe é ní 1904.

Ó ku bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé Peter fò, èyí tí George Kirby ṣe fún wọn ní London, tó ń wà lábẹ́ aṣọ tẹ́nìkan ò gbọdọ̀ rí. Mo fẹ́ ká pè é ní ọ̀já, torí iṣẹ́ ọ̀já náà ló ń ṣe, kí ọmọ má jábọ́. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà, ẹ mú tiyín wá.