Ọ̀mùnú fern mi ń gbẹ kó tó tú tán

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o. Brisbane ní Ọsirélíà ni mo ń gbé. Abẹ́ igi ńlá lẹ́yìnkùlé mi ni mo gbin Doodia aspera sí, fern kékeré ilẹ̀ ibí (fern ni ewéko tí kì í yọ òdòdó, tí ọ̀mùnú rẹ̀ máa ń ká kó tó tú) tí ewé rẹ̀ máa ń ha ni lọ́wọ́, tí ọ̀mùnú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí iṣin.

Mẹ́fà ni mo gbìn lóṣù kẹta, mẹ́rin ló kù. Ọ̀mùnú á yọ, á pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó tú tán, ṣóńṣó rẹ̀ á ti gbẹ. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, á rún.

Mo ń bomi rin ín láràárọ̀, mo da ewé jíjẹrà sí ìdí rẹ̀, mo sì dá ajílẹ̀ dúró. Kò yí padà. Nígbà tí mo hú ọ̀kan wò, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú, gbòǹgbò igi ti hun mọ́ tirẹ̀. Mo tún rí i pé mo ti rì í wọlẹ̀ tó ìka méjì. Ó dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ràn ewé yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìn ín rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé igi ló ń gba omi mọ́ ọn lọ́wọ́, àbí mo rì í jù? Ṣé kí n kó mẹ́rin tó kù sínú ìkòkò ni, àbí kí n kàn gbé wọn sókè díẹ̀ níbi tí wọ́n wà?