Ẹ jẹ́ kí mọ́ọ̀dù máa jẹ́ mọ́ọ̀dù: lórí "ìdàta" àti ìwé ìlò fún dída ọta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlò fún ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń da ọta òjé fún ìbọn ìléwọ́ ńláńlá ló bi wá pé kí la ó máa pe "bullet mould" ní Yorùbá. Láti ìgbà náà, orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: "ìdàta", "ìrọta" àti "àwo ọta". Àríyànjiyàn sì ti gbóná lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi náà máa ń da ọta nínú gáréèjì mi ní Texas, níbi tí òfin kò ti dí ẹni tó ń dà á fún ìlò ara rẹ̀ lọ́wọ́. Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kí ẹni tó bá ka ìtumọ̀ yìí nílé má lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bá ọlọ́pàá. Ohun tí mo rí ni pé orúkọ irin náà ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun la sì ń pa ara wa lé lórí.

Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi lórí orúkọ mẹ́ta náà. "Ìrọta" kò lè dúró. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ nǹkan: á ki irin bọná, á fi òòlù lù ú títí yóò fi di àdá tàbí ọkọ́. Òjé tí à ń sọ yìí kì í fojú kan òòlù. Yíyọ́ ló ń yọ́, a dà á sínú ihò, ó dì. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gbà ṣe ọta, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ òjé tútù títí yóò fi gba ìrísí. Bí a bá fi "rọ" sórí dídà, kí la fẹ́ pe ìyẹn? "Àwo ọta" ní tirẹ̀ dà bí ohun tí à ń bu ọta sí láti gbé e fún àlejò.

"Ìdàta" ló sún mọ́ ọ̀nà jù, torí "dà" gan-an ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ "ère dídà" nínú Bíbélì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. "Rà" àti "ọjà" ló di "rajà", tó di "ìrajà". Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "rà" kì í bá a wọlé. Bákan náà ni "dà" àti "ọta" yóò ṣe di "ìdata", kò ní di "ìdàta". Ta ló máa gbọ́ "ìdata" lónìí tí kò ní rò pé dátà tí à ń rà sórí fóònù ni? Bí ẹ bá ní kí a pa fáwẹ̀lì "dà" jẹ dípò ti "ọta", bí "dá ọgbọ́n" ṣe di "dọ́gbọ́n", "dọta" ló kù, ohùn nìkan ló sì ya ìyẹn sọ́tọ̀ sí "dọ̀tá". Èmi ò fẹ́ ìwé ìlò tí yóò máa kọ́ni bí a ṣe ń dọ̀tá.

Ẹnìkan dábàá pé kí a yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń da idẹ ní Ifẹ̀ láyé àtijọ́. Èrò tó níyì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ìrísí wọn; wọ́n fi amọ̀ bò ó, iná yọ́ ìda dànù, wọ́n da idẹ sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fọ́ amọ̀ náà. Amọ̀ kan, ère kan. Mọ́ọ̀dù ọta kì í fọ́. Irin méjì tó dojú kọra ni, ó ní ọwọ́ bí ẹ̀mú. A ṣí i, ọta bọ́ sílẹ̀, a pa á dé, a tún da òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì nílé ti ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní mọ́ọ̀dù tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ṣì wọ́n gbọ́. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ mọ́ọ̀dù. Ihò inú rẹ̀ kò nílò orúkọ tuntun rárá: mọ́ọ̀dù olójú kan, olójú méjì, olójú mẹ́fà. Ojú tó.

Alágbẹ̀dẹ kì í lu irin lójú kan lásán, ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀ wà. Ẹ wá jẹ́ ká lu ojú ibi tó yẹ.

"Ọta" fúnra rẹ̀ ni ojú ibẹ̀. Òkúta kékeré ni ọta. Àwọn Lukumí ní Kúbà, àwọn olórìṣà tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yorùbá, ṣì ń pe òkúta òrìṣà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ohun tí ìbọn ń yìn jáde ni ọta. Nínú ìròyìn, nígbà tí wọ́n bá ní ọlọ́pàá gba ọta ìbọn lọ́wọ́ ẹnìkan, odindi rẹ̀ ni wọ́n ń sọ: ìkarahun idẹ, ẹ̀tù, ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù, àti òjé tó wà lórí wọn. Lójú pópó, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwé ìlò, ewu ni. Gbólóhùn kan wà nínú ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ tó ní "ẹ da àwọn ọta tí kò dára padà sínú ìkòkò, kí wọ́n yọ́". Ẹni tó bá mọ ọta sí odindi, tó wá ju ohun tó ní ẹ̀tù nínú sínú òjé gbígbóná, kò ní ka ojú ìwé kejì. Torí náà, mo dábàá pé kí "ọta" dúró fún òjé nìkan jákèjádò ìwé náà, kí odindi máa jẹ́ "katiríìjì", kí idẹ tó gbé e jẹ́ "ìkarahun". Kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ kọ "ìkòkò òjé" níbi gbogbo tí ẹ kọ "ìkòkò", kí ẹnì kan má baà gbé ti ọbẹ̀ jáde.

Èkejì ni ìbú. Ẹni tó fẹ́ ra mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ mọ bí ọta rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà ti ń tan ènìyàn. Ìbọn .44 Magnum tí ilé iṣẹ́ Smith & Wesson gbé jáde ní àárín àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn tí Elmer Keith, òǹkọ̀wé nípa ìbọn ní Amẹ́ríkà, ti ń pè fún irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í yin ọta tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.44 íǹṣì. 0.429 ni, tó bá jẹ́ òjé dídà, wọ́n máa ń fi í sí 0.430. Orúkọ "44" wá láti ayé ìgbà tí ìbú ọta àti ti ìkarahun dọ́gba lóde. Nígbà tó yá, wọ́n ti ọta wọnú ìkarahun, ọta tín-ín-rín, orúkọ kò yẹ̀. Ti .45 Colt, tó ti wà láti 1873, tún ní tirẹ̀: ìbọn àtijọ́ ń gba 0.454, ti òde òní ń gba 0.452. Ẹ̀gbọ́n kọ "ọta 44" fún orúkọ, wọ́n tún kọ "ọta 44" fún ìwọ̀n. Ó yẹ kí méjèèjì ya ara wọn: "ìbọn .44" ni orúkọ, "ìbú ọta" ni ìwọ̀n. Nọ́ńbà mọ́ọ̀dù náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lyman, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mọ́ọ̀dù, ń pe ọ̀kan nínú àwọn mọ́ọ̀dù tí Keith ṣe àpẹrẹ rẹ̀ ní 429421: mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìbú, mẹ́ta tó kẹ́yìn ni nọ́ńbà àpẹrẹ. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọjà kò ní mọ ohun tí oníbàárà ń bèèrè.

Kí ló ń pinnu ìbú yìí? Ọ̀pọ̀ ń rò pé ihò ẹnu ìbọn ni. Nínú ìbọn ìléwọ́ aláyìípo, ilé ọta tó ń yí ni ọta kọ́kọ́ gbà jáde, iwájú ilé náà sì há díẹ̀. Ìwé náà pe ibẹ̀ ní ọ̀fun, mo sì fara mọ́ "ọ̀fun ilé ọta". Ọta tó bá kéré sí ọ̀fun yìí, èéfín gbígbóná á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á jó òjé, òjé á sì lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Ọta tó bá tóbi díẹ̀ jù, irinṣẹ́ wà tí a lè tì í gbà kọjá kí ó fi kéré. Èyí tó kéré, kò rọrùn láti fẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣiyèméjì pé kó wọn ọ̀fun ìbọn rẹ̀ kó tó náwó, kó sì mú mọ́ọ̀dù tó fẹ̀ díẹ̀ sí i. "Kí ọta bá ihò mu" tí ẹ̀gbọ́n kọ kò sọ ihò wo. Nípa àwọn ìlà tó lọ́ yípo nínú ihò ìbọn, mo fẹ́ "ilà" gẹ́lẹ́ bíi ti ojú: ìbọn tó kọlà inú, yàtọ̀ sí ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa tí inú rẹ̀ ń dán.

Ìwúwo ńkọ́? Ìwé náà ní mọ́ọ̀dù kan ń da ọta 250 "grain". Ẹ̀gbọ́n kọ "hóró 250". Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Hóró ọkà báálì ni ìwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kan náà ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, ẹ̀tù sì ní hóró tí ojú rí. Ẹni tó bá ka "hóró" lórí ẹ̀tù lè jókòó máa kà á ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ lo "giréènì", kí ẹ ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan pé 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan, àti pé 250 tó nǹkan bíi gíráàmù 16.

Ìrísí ni èdè wa ti lówó lọ́wọ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Olórí roboto, olórí pẹrẹsẹ, olórí oníhò, eléjìká. Eléjìká ni èyí tí Keith fẹ́ràn: orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ní èjìká tó mú tó ń gé ihò mímọ́ sára bébà. Yàrà tó yí ara ọta po tí à ń fi ọ̀rá sí, "yàrà ọ̀rá" ti tó.

Ibi tó kàn yìí ló kọ mí lóminú jù lọ. Òjé nìkan rọ̀ jù fún ìbọn alágbára, nítorí náà wọ́n ń pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Orúkọ àpòpọ̀ náà wà nílẹ̀, "àdàlù", kí ẹni tí ebi ń pa má ṣe rẹ́rìn-ín. Àdàlù kan tí gbogbo wọn mọ̀ jẹ́ òjé 90, tánganran 5, antímónì (antimony, irin mìíràn kan) 5 nínú 100. Òjé wà lédè wa láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Tánganran náà kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kọ "tìróò" fún antímónì, ọ̀pọ̀ yín sì pàtẹ́wọ́ sí i pé Yorùbá ìjìnlẹ̀ ni. Àwọn ilẹ̀ kan fi òkúta antímónì lọ tìróò láyé àtijọ́, lóòótọ́. Òjé ló kún inú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Ní 2011, wọ́n rí ọmọ ìkókó kan ní Boston tí òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí tìróò tó wá láti Nàìjíríà. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá wá tẹ̀lé ìwé wa, tó da tìróò sínú òjé kí ó lè le, òjé ló ń fi kún òjé, èéfín rẹ̀ ló sì ń fà sí imú. Antímónì ló ń mú àdàlù le: òjé nìkan wà ní nǹkan bíi 5 lórí òṣùwọ̀n Brinell tí wọ́n fi ń wọn líle irin, àdàlù tí mo sọ wà ní nǹkan bíi 15. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ antímónì. Bí ìjìnlẹ̀ bá máa ṣe ẹnì kan ní ibi, ẹ jẹ́ ká yá ọ̀rọ̀ lò.

Àdàlù tún kan mọ́ọ̀dù tí èèyàn ń yàn, ìwé náà sì kánjú kọjá níbẹ̀. Mọ́ọ̀dù kan náà, tí òjé pátápátá bá wọ inú rẹ̀, yóò bí ọta tó wúwo díẹ̀ jù, tó sì tín-ín-rín díẹ̀ ju ti àdàlù lọ. Nítorí náà, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí, ti àdàlù kan pàtó ni. Gbólóhùn yẹn, ẹ má ṣe gé e kúrù.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe mọ́ọ̀dù, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Alumíníọ́mù, bíi ti ilé iṣẹ́ Lee, fúyẹ́, kò wọ́n, ó tètè gbóná, àmọ́ àìfarabalẹ̀ díẹ̀ ló máa fi ha á lára. Irin, bíi ti Lyman àti RCBS, ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń dípẹtà. Idẹ dára púpọ̀, owó rẹ̀ ló le, ó sì ń wúwo lọ́wọ́ tó bá jẹ́ olójú púpọ̀. Fún ọta ńlá tó ń gba òjé púpọ̀, èmi ń lo alumíníọ́mù olójú méjì, ọrùn ọwọ́ mi ló sì yàn án fún mi.

Ó ku ife bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi dé ìdí ọta kan kí iná ẹ̀tù má baà jó o. Ẹnìkan ní "fìlà", ṣùgbọ́n ìdí ló wà. Mo ń rò "bàtà bàbà", ó sì wù mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé bí ẹnì kan bá ń kà á sókè fún ẹlòmíràn, ahọ́n rẹ̀ á lọ́. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà láàrin wa, kí ni bàbá yín ń pe ohun tí wọ́n fi ń dí ẹ̀tù kí ọta tó wọlé? Ó ṣeé ṣe kí orúkọ ibẹ̀ bá ti ibí yìí mu. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti tún ojú ìwé tó ní ìbú àti àdàlù ṣe, ẹ fi ránṣẹ́ kí n bá yín wo àwọn nọ́ńbà rẹ̀.