Àbọ̀ rèé lórí ọmọ mi tó fẹ́ràn ìwádìí ìṣègùn

Ẹ kú àdúrótì o. Lóṣù tó kọjá ni mo bèèrè bí mo ṣe lè ran ọmọ mi, ọmọ ọdún 15, lọ́wọ́. Látìgbà tí fòníkúfọ̀ladìde ti ń dá àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni ìwádìí ìṣègùn ti gbà á lọ́kàn.

Mo gba ìmọ̀ràn yín: a ra Foldscope, máíkírosíkóòpù oníbébà tí Manu Prakash àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà. Awọ àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ wò. Ó pariwo! Yàrá kéékèèké, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì, tò lé ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣàlàyé fún mi pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé kí èmi àti bàbá rẹ̀, tá a jẹ́ AS (a gbé àbùdá àìsàn náà, àmọ́ kò ṣe wá), bí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní fòníkúfọ̀ladìde. Mo sunkún, àmọ́ orí mi wú. Ẹ ṣé gan-an, mo ti rí ìdáhùn mi.