Ọmọ tó ń ta iyanrìn ní kíláàsì mi (ẹ wá sọ ìrírí tiyín náà)

Tíṣà Jẹ́léósinmi, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ni mo fẹ́ sọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Odidi táàmù kan ló fi jókòó ní kíláàsì mi tí kò la ẹnu. Tí mo bá fi igi tọ́ka sí nọ́ńbà lára ògiri, tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé èwo nìyí, bàtà rẹ̀ ni yóò máa wò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé kò tíì mọ ení, èjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Lọ́jọ́ kan, àwọn bíríkìlà ń tún ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, wọ́n da iyanrìn sẹ́yìn kíláàsì wa. Mo fún àwọn ọmọ ní agolo mílíìkì àti ike, mo ní kí wọ́n máa ṣeré níbẹ̀ kí n lè ráyè máàkì ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìgbà tí n óò gbójú sókè, ọmọ yìí ti dá ọjà sílẹ̀. Ó jókòó ti òkìtì iyanrìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń bu iyanrìn sínú agolo, ó wá fi apá òsì yí ẹnu agolo ká kí èyí tó kó lé e lórí má baà ya dànù. Ẹ mọ bí àwọn onígàrí ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú ewé mẹ́ta wá, ewé ni owó. Ó wọ̀n agolo mẹ́ta fún un, ó ń kà á sókè: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn.

Ọmọ tí mo kọ̀wé pé kò mọ ení, èjì.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ bá a, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé agolo mélòó ló tà. Ó gbé agolo sílẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ aṣọ. Ọjà tú. Àwọn tó kù náà dìde, wọ́n gbọn iyanrìn nù, torí wọ́n ti mọ̀ pé kíláàsì ti dé.

N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo já ewé mẹ́rin lára igi ọgbà, mo tò sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ìyá onígàrí, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi wọ̀n agolo mẹ́rin." Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Ṣé Ìjẹ̀bú lẹ fẹ́ ni, àbí pupa?"

Láti ìgbà náà, oníbàárà ni mí nídìí iyanrìn yẹn. N kì í bi í ní ìbéèrè tíṣà mọ́. Mo máa ń gbé agolo ńlá kan sáàárín àwọn kéékèèké láìsọ nǹkan kan, kí n wo ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ìjà fi dé lórí rẹ̀: ẹni tó mú agolo ńlá wá fẹ́ san ewé kan bíi tàwọn tó kù. Ẹ ò bá gbọ́ àríyànjiyàn wọn! Wọ́n da ti kékeré sínú ti ńlá títí wọ́n fi mọ ìye tó kún un. N kò dá sí i rárá.

Ọ̀gá tó ni ilé-ìwé kò fẹ́ràn eré iyanrìn yìí. Òbí kan ti sọ fún un pé owó iyanrìn kọ́ lòun ń san. Mo fi ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ hàn án, ibi tó ti sọ pé nípasẹ̀ eré ni kí á fi kọ́ àwọn ọmọ yìí ní nọ́ńbà, lẹ́tà, àwọ̀ àti ìrísí nǹkan. Ó ní ìjọba kọ́ ló ń bá òun gba owó ilé-ìwé. Àdéhùn tí a wá ṣe ni pé iyanrìn láàárọ̀, ìwé kíkọ lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rí?

Ìyá Ọmọ Méjì, Lọ́ńdọ̀nù

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Irú òbí tó bínú yẹn ni èmi náà.

Nígbà tí àkọ́bí mi wọ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé-ìwé níbí, lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ojoojúmọ́ ló ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé inú etí. Kò sí ìwé nínú báàgì, kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí n má purọ́, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé torí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọn kò ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ mi. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ bá tíṣà rẹ̀.

Obìnrin náà kò bá mi jà. Ó gbé ìwé kan jáde tó kún fún fọ́tò àti àkọsílẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú déètì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ mi fi wà nídìí páìpù òjò kan, ó ń sọ mọ́tò kéékèèké sínú rẹ̀, ó ń gbé orí páìpù ga, ó tún ń gbé e wálẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí mọ́tò sáré dé. Ohun tí tíṣà ṣe kò ju pé ó to àpótí mélòó kan sítòsí. Ọmọ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n sábẹ́ páìpù. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀. N kò mọ̀ pé ọmọ mi lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

EYFS (Early Years Foundation Stage) ni wọ́n ń pe ìlànà ìjọba tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké báyìí ní England. Láti ọdún 2008 ló ti di dandan fún gbogbo ilé-ìwé àti ilé ìtọ́jú ọmọ, láti ìgbà ìkókó títí di ọdún márùn-ún. Ìwé kíkà kò sì sọnù nínú rẹ̀ o. Ní òpin Year 1, ìyẹn kíláàsì tó tẹ̀lé Reception, wọ́n máa ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n lè fi ìró lẹ́tà ka ọ̀rọ̀. Tèmi yege.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Agolo sàdínì la fi ń ṣe mọ́tò, ìdérí ìgò la fi ń ṣe táyà rẹ̀. Tí táyà kan kò bá yí dáadáa, a máa ń tú u palẹ̀, a ó tún un ṣe. Wọ́n á sì máa pè wá wọlé pé ká wá kàwé.

Ayafọ́tò-Egungun, Abẹ́òkúta

Èmi kì í ṣe tíṣà, X-ray ni mo ń yà. Ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà ní egungun kéékèèké mẹ́jọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tíì le débi tí fọ́tò á mú un. Tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta, méjì tàbí mẹ́ta la sábà máa ń rí. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn lè pẹ́ tó ọdún mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé pẹ́ńsù á ṣẹ́ ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ yẹn kò tíì parí. Ojú ewé méjì tó kún fún lẹ́tà "a" ni wọ́n ń fún ọmọ mi lálaalẹ́ nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, ó sì máa ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú tó bá ń sunkún. Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó po amọ̀, kó bó ẹ̀pà, kó fún aṣọ tútù. Wọ́n gbà. Ó ń kọ̀wé dáadáa báyìí.

Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Mo ka gbogbo rẹ̀. N kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọdún méjì ni àwọn ìbejì mi lò ní ilé-ìwé kan tó ní eré lòun fi ń kọ́ ọmọ. Inú wọn máa ń dùn láti lọ. A wá kó wá síbí, a mú wọn lọ sílé-ìwé mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n kọ 1 dé 100, kí wọ́n kọ orúkọ wọn. Wọn kò lè kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń lọ sí mẹ́fà. Nínú mọ́tò, Táyé bi mí pé, "Dádì, ṣé òpè ni wá?"

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn lálaalẹ́, pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo lò ó. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Wọ́n wọ kíláàsì wọn nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kì í fẹ́ rí ìwé sójú títí di àsìkò yìí. Ta ni kí n dá lẹ́bi?

Màmá Tíṣà, mo ti fẹ̀yìn tì

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ kú ìrọ́jú.

Eré kan wà tó jẹ́ ẹ̀kọ́. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn da ọmọ síta ni. Mo ti dé ibi tí ọmọ ọgbọ̀n ń yí táyà kan ṣoṣo kiri, tí olùtọ́jú wọn sì ń tẹ fóònù. Ẹni tó bá ń fi eré kọ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ẹni tó ń kọ nǹkan sójú pátákó lọ, torí ó ní láti ṣètò ohun tí ọmọ máa bá níbẹ̀, kó wò ó, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ìwé tí ìyá Lọ́ńdọ̀nù yẹn rí. Kí òbí lọ bi ilé-ìwé pé, "Kí lẹ kọ sílẹ̀ nípa ọmọ mi lọ́sẹ̀ yìí?" Tí wọn kò bá rí nǹkan kan mú jáde, kó yáa ronú.

Èmi náà ṣe àṣìṣe. Mo da ẹ̀wà àti kóró àgbálùmọ̀ sínú ọpọ́n pé kí wọ́n ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ki ẹ̀wà bọ imú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di alẹ́, ẹ̀wà ti mu omi imú, ó ti wú. Ọsibítù ni wọ́n ti yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá lè gba inú ihò páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ kọjá, n kì í gbé e síwájú ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìyẹn dání.

Tíṣà Jẹ́léósinmi, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti lọ kó àwọn ìdérí ìgò kúrò níwájú àwọn kéékèèké mi láàárọ̀ yìí.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Èmi náà ń bẹ̀rù ìdánwò yẹn, n kò sì lágbára lórí ohun tí ilé-ìwé mìíràn ń bèèrè. Ohun tí mo ń ṣe ni pé ní táàmù tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ojoojúmọ́ la ń kọ nọ́ńbà àti orúkọ fún ìgbà díẹ̀. Kì í pẹ́ wọn, torí ẹni tó ti wọ̀n agolo mẹ́ta fún oníbàárà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ohun tí "3" ń jẹ́. Ẹ má fi pàṣán sí i mọ́ fún Kẹ́hìndé. Ẹ wá nǹkan tó fẹ́ràn, kẹ́ ẹ jókòó tì í nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ onígàrí mi fi kíláàsì mi sílẹ̀, mo lọ bá a nídìí ọjà láìmú ewé lọ́wọ́. Mo ní kó tà á fún mi láwìn, agolo mẹ́rin. Ó wò mí títí. Ó mú èédú, ó fa ìlà mẹ́rin sára ògiri, ó wá ya òdo méjì tó fara kanra sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá onígàrí, kí nìyẹn?"

Ó ní, "Gíláàsì ojú yín ni, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ mí."

N kò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì mo mú ewé méjì wá. Ó gbà á, ó fi ìka pa ìlà méjì rẹ́, ó ní ó ku méjì.