Ìwọ́wé ni, kì í ṣe ìpara-ẹni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Lórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún apoptosis, ìyẹn ikú tí sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara ohun alààyè) ń fi agbára ara rẹ̀ kú létòlétò: mo ka ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá, pé kí a máa pè é ní "ìpara-ẹni sẹ́ẹ̀lì". Àgbà ni wọ́n jẹ́ fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. "Ẹni" inú rẹ̀ ni mo bá jà. Ènìyàn là ń pè ní ẹni: ẹni tó ń ronú, tó ń banújẹ́, tí ẹbí ń sunkún rẹ̀. Ṣé kí nọ́ọ̀sì wá sọ fún obìnrin tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ pé oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ń mú kí nǹkan máa para rẹ̀ nínú rẹ̀?

Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ gan-an kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ní 1972, àwọn onímọ̀ nípa àìsàn mẹ́ta, John Kerr, Andrew Wyllie àti Alastair Currie, ń wá orúkọ fún irú ikú yìí ní Aberdeen, ní Scotland. James Cormack, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì níbẹ̀, ló fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe jíjábọ́ ewé lára igi. Ewé! Àwa tí a ti ní "ìwọ́wé" nílẹ̀, kí la ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó para rẹ̀?

Arábìnrin wa ní "ìrẹ̀dànù" ló tẹ́ òun lọ́rùn. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ "rẹ̀" kì í ṣe "wọ́". Bàbá mi ló fi èyí hàn mí lóko. Ìjì àrọ̀kúrò fa ẹ̀ka ìrókò kan ya, ó ń fi awọ rọ̀ lára igi. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìrókò náà wọ́wé tán, orí rẹ̀ mọ́ kedere, àfi ẹ̀ka tó ya yẹn, tí ewé rẹ̀ gbẹ, tó ká kóro, síbẹ̀ tí kò já. Bàbá mi ní, "Fa ọ̀kan wò." Mo fà á, ewé fọ́ sí mi lọ́wọ́, igi rẹ̀ dúró síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ti kú kò lágbára àtiwọ́wé mọ́, igi tó wà láàyè ló ń wọ́wé.

Bó ṣe rí nínú sẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn. Bí oògùn jẹjẹrẹ bíi cisplatin bá ba DNA rẹ̀ (ohun tó gbé àbùdá sẹ́ẹ̀lì) jẹ́, p53, èròjà tó ń ṣọ́ DNA, á fura, mitokọ́ńdríà, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, á tú èròjà kan tó ń jẹ́ cytochrome c sílẹ̀, àwọn caspase, èròjà tó dà bí ọ̀bẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì á sún kì, á pín sí wóró wóró tí awọ ṣì bò, àwọn alábàágbé rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ mọ́ láìsí wíwú. Agbára tirẹ̀ ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ooru tàbí kẹ́míkà bá wá pọ̀ jù, á wú, á bẹ́, ibẹ̀ á sì gbóná. Ìyẹn ni ẹ̀ka tó ya.

Ẹni tó ní kí a pè é ní "ikú àkúnlẹ̀yàn", ẹ jọ̀ọ́, àkúnlẹ̀yàn kì í yẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń kọ̀ láti wọ́, ara ohun tó sọ ọ́ di jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ẹ sì má kọ ọ́ ní "ìwọwé" mọ́! Ẹni mẹ́ta ló ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Wọ láìsí àmì òkè, ti aṣọ ni, ẹ ti fi ewé wọ igi nìyẹn. Lóòótọ́, a tún ń wọ́ nǹkan nílẹ̀, àmọ́ "wé" tó tẹ̀lé e ti là á.

Ní ti "àhámọ́" tí àwọn kan ṣì ń kọ dípò sẹ́ẹ̀lì, n kò tíì yí èrò mi padà: ẹlẹ́wọ̀n la ń há mọ́.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Èkìtì, ẹ bá mi bi àwọn àgbà yín léèrè: kí ni wọ́n ń pè é nígbà tí ìrókò bá ń tú ewé sílẹ̀?